Ọkọ̀ Eléèédú àti Orí Tó Ń Fọ́ Mi

Iwájú ọkọ̀ yẹn, tèmi ni. Mo fẹ́ fi ìyẹn lélẹ̀ ná kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Kí ọkọ mi tó fẹ́ ìyàwó kékeré, èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tó sì fẹ́ ẹ tán, èmi náà ni mo ṣì ń jókòó síbẹ̀, ìyàwó á wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò gààrí àti agbọ̀n ata. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa ní Ìkìrun: bí ọkùnrin bá gbé ìyàwó méjì jáde, ìyáálé ló ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ, kí ẹni tó bá pàdé wọn lọ́nà lè mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí. Tìmùtìmù ìjókòó náà ti mọ ìdí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju aṣọ tuntun lọ.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Inísà. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ní ọkọ̀ wágùn àtijọ́ kan tó fi ń kó ẹrù oko láàárín Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Láràárọ̀, á já mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì iléèwé, á máa bá tirẹ̀ lọ. Bó bá di ọ̀sán, á yà gbé mi bó ṣe ń ti Òkukù bọ̀. Ìkìrun sí Inísà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yẹn la ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ nílé, nítorí ilé létí, ìyàwó sì létí ju ilé lọ. Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń rí ọkọ mi gbà fún ara mi, tí ẹnikẹ́ni kò ní bá mi dá sí i.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù wá gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ń rà á bí ẹní ń ra oògùn, ọkọ mi gbé ọkọ̀ náà sí ẹ̀yìnkùlé. Adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Èmi ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, òun á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo fóònù títí ojú á fi máa pọ́n ọn. Inú fóònù yẹn ló ti rí ọkọ̀ tó ń fi èédú rìn. Ó pe àwa méjèèjì pé ká wá wò ó. Ọkùnrin kan, ní ìlú kan tí mi ò mọ̀, da èédú sínú àgbá, ó tanná sí i, ó sì dé e pa. Gáàsì tó ń jáde lára èédú náà gba inú páìpù wọ ẹ́ńjìnnì lọ, ọkọ̀ sì ń sáré. Ọkọ mi ní kì í ṣe nǹkan tuntun rárá, pé nígbà ogun ńlá àwọn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ rìn níbi tí epo kò bá sí.

Mo ní kí Ọlọ́run ṣàánú wa. Ìyàwó kò wí bẹ́ẹ̀. Ó fa àpótí sún mọ́ fóònù, ó ní, "Dádì, irú èédú wo ni wọ́n dà sí i? Èédú ayín ni, àbí ti igi yẹpẹrẹ?"

Mo rí bí ojú ọkọ mi ṣe tàn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, mo ti bi í ní ìbéèrè tó pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí fóònù sọ́dọ̀ ìyàwó pátápátá. Ẹ̀yìn fóònù ni mo wá ń wò.

Ọmọ Ìgbayè ni ìyàwó, ìdílé tí wọ́n ń sun èédú ló sì ti wá. Inú èédú ni wọ́n gbé bí i, inú èédú ló dàgbà sí, mo sì ti máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó bá fi ọwọ́ dúdú kan aṣọ mi. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èédú máa di ohun iyì nílé wa. Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀ ní Inísà, tí wọ́n jọ jó irin mọ́ ọkọ̀ náà. Àgbá ńlá tí iná ń jó nínú rẹ̀ wà lóde, lẹ́yìn ọkọ̀, lórí irin tí wọ́n jó mọ́ ìdí rẹ̀. Àgbá kékeré kejì, tí wọ́n rọ kànrìnkàn àti òkúta wẹ́wẹ́ kún láti máa sẹ́ eérú, inú ọkọ̀ ni wọ́n gbé e sí, sẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn gan-an, kí òjò má baà pa á. Láti ibẹ̀ ni páìpù ti gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó kọjá lọ síwájú. Wọ́n fi rọ́bà táyà di gbogbo oríkèé rẹ̀ gírígírí. Gbogbo wa la yí i po, tí a wò ó, tí a ní ó dáa.

Ó ku ohun kan. Wọ́n fi tápù kan sí iwájú, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó ti dẹ́rẹ́bà. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, ẹni náà á dín atẹ́gùn tó ń wọlé kù. Bó bá ń sọ̀, á ṣí i díẹ̀. Ọwọ́ dẹ́rẹ́bà kò lè dé ibẹ̀. Iwájú tèmi sì ni, nítorí náà èmi ni iṣẹ́ kàn.

Mo ṣe é tọkàntọkàn. Ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a jáde ní Ìkìrun, ó tún kú lẹ́bàá ojú irin, ó tún kú níbi tí gbogbo àwọn ọmọ iléèwé mi ti lè rí wa. Ọkọ mi ní, "Tíṣà, ṣé o ò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún ni?" Mo ní mò ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń wí. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ìyàwó dán an wò. Ìyàwó wọlé síwájú, ó di tápù mú bí ẹni di etí ewúrẹ́ mú, ó dorí kodò, ó ń gbọ́. Ọkọ̀ kò kú. Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń gbàdúrà kó kú, kò kú.

Bí mo ṣe di ẹni ẹ̀yìn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Àwọn tó máa ń kí mi lójú ọ̀nà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyàwó. Ìyá arúgbó kan tó ń sun àgbàdo ní Inísà, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé iwájú, ó ní, "Ìyá ilé, ẹ kú ìrìn o." Ó wá yọjú wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ìyàwó, báwo ni?" Ìyàwó sáré tún un ṣe, ó ní, "Àwọn ni ìyá ilé, Mámà, èmi kọ́." Ìtúnṣe yẹn dùn mí ju àṣìṣe lọ. Mi ò ra àgbàdo lọ́wọ́ ìyá náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owú ṣe rí lára mi, nítorí àwọn tó ń sọ pé òjòwú kò lẹ́ran láyà kò bi òjòwú léèrè rí. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá dé ẹnu géètì iléèwé wa, ọkọ mi kò ní gbé ọkọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Á pa ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ láti fọ́ èédú tí wọ́n máa fi dé ilé. Èédú náà kò gbọdọ̀ tóbi ju àwùsá lọ, kò sì gbọdọ̀ kúnná lúbúlúbú. Wọ́n á jókòó lórí òkúta lábẹ́ igi máńgòrò, ìyàwó á máa fi igi fọ́ ọ, ọkọ mi á máa fi ajọ̀ kù ú. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín.

Èmi á ti lọ jókòó sínú ọkọ̀, sẹ́yìn. Mi ò lè dúró tì wọ́n bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Gíláàsì ẹ̀yìn kò sọ̀ sísàlẹ̀ mọ́ láti ọdún gbọọrọ, mo sì máa ń ti ilẹ̀kùn nítorí eruku èédú. Mo máa ń gba inú gíláàsì yẹn wò wọ́n. Bí mo bá wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Kì í ṣe orí fífọ́ lásán. Á bẹ̀rẹ̀ níwájú orí, á dì mọ́ ẹ̀bátí méjèèjì, inú á máa rú mi bíi kí n bì. Bí a bá fi máa délé, mi ò ní lè jẹun.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Orí owú nìyẹn, Tíṣà. Fọkàn balẹ̀, á lọ." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó yọ àgbá náà kúrò lára ọkọ̀, ká padà sí bí a ṣe wà, ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìyàwó lọ ra parasitámọ̀ fún mi, ó gbé omi sí i, ó kúnlẹ̀. Mo ní kó gbé e padà. Nígbà tó lọ tán, mo mú un lò, nítorí orí náà fọ́ mi dénú eegun.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé èmi fúnra mi gbà pé owú ni. Ẹ̀rí rẹ̀ wà níwájú mi. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè tí mi ò wọ ọkọ̀, orí mi á fúyẹ́. Bó bá di Mọ́ńdè tí mo tún rí wọn lábẹ́ máńgòrò, á tún dé. Kí ni èèyàn fẹ́ wí sí irú ìyẹn? Mo gbàdúrà lórí rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí owú lọ́wọ́ mi, mo gbààwẹ̀, mo tún wọ ọkọ̀, orí tún fọ́ mi. Mo wá rò pé owú mi ló le ju àdúrà lọ, ó sì bà mí lẹ́rù, ó sì tún ń mú mi yangàn díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló lè fẹ́ràn ọkọ débi tí orí fi máa fọ́ ọ.

Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni wọ́n pè wá sí ìkómọ ní Òkukù, nílé àwọn ìbátan ìyá ọkọ mi. Àwọn ìbátan yẹn gan-an ni wọ́n rọ̀ ọ́ pé kó fẹ́ ìyàwó kejì. Mo sọ fún ọkọ mi láti àárọ̀ pé mi ò ní wọ Òkukù lẹ́yìn ọkọ̀. Mo ní, "Bí mo bá gba ẹ̀yìn wọ agbo ilé yẹn, ẹ má retí mi nílé yìí mọ́." Mi ò fi ṣeré, ó sì mọ̀.

Ó ní, "Ta ló máa di tápù mú?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wo ìyàwó. Pé ó wò ó ná, kó tó dá mi lóhùn, mo kọ ìyẹn sí ọkàn mi. Ìyàwó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí Mọ́mì jókòó síbẹ̀. Màá máa sọ fún wọn látẹ̀yìn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. A kọjá Inísà, èmi níwájú, aṣọ mi kò rún, ìyàwó lẹ́yìn pẹ̀lú àpò èédú. Bí a bá dé òkè, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi: "Ẹ dín in kù, Mọ́mì. Ó tó. Ẹ ṣí i díẹ̀ báyìí." Ọkọ̀ kò kú. Ìjókòó ti padà di tèmi, ohùn rẹ̀ ló ṣì ń gbé ọkọ̀ lọ, mo sì jowú ohùn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé agbo ilé, tí àwọn ìyàwó ilé tú jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Orí mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹ ò rí i, owú náà ni lóòótọ́.

Òjò ti ṣú. Iná inú àgbá kò gbọdọ̀ kú, nítorí bó bá kú, ó máa pẹ́ kó tó tún gbóná débi tí gáàsì rẹ̀ á lè gbé ọkọ̀. Ẹnì kan ní láti dúró kó máa ṣọ́ ọ, kó máa bu èédú sí i. Ìyàwó ní òun máa dúró, pé ká lọ gbé ọmọ. Ọkọ mi ṣí agbòjò, àwa méjèèjì sì jọ wà lábẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dì mí mú lẹ́yìn kí n má baà yọ̀. Inú mi dùn. Mo gbé ọmọ tuntun náà, mo jẹun, mo sọ̀rọ̀ tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Òjò náà dá wa dúró pẹ́, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dá.

Nígbà tí a padà dé ìdí ọkọ̀, ìyàwó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn nítorí òjò, ó fi orí ti gíláàsì. Mo ní, "Ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ iná." Ọkọ mi kan gíláàsì, kò dáhùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ìyàwó sì yọ̀ jáde bí aṣọ tí kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi gbé e sínú òjò, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó ń pè é, "Ayé mi, dákun. Ayé mi, dá mi lóhùn." Mi ò mọ̀ pé ó mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ í pe èèyàn. Èmi náà kúnlẹ̀, mò ń gbá a lójú, mò ń fẹ́ ẹ, mò ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kó kú, tọkàntọkàn ni mo sì fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n etí mi kò gbàgbé orúkọ yẹn.

Ìyàwó bì, ó sì mí. Ẹnì kan tó wá síbi ìkómọ fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kọ́kọ́ béèrè bóyá a tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ni. Ọkọ mi ṣàlàyé ọkọ̀ eléèédú fún un. Nọ́ọ̀sì náà mi orí, ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ àti gáàsì èédú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó ní gáàsì tó ń gbé ọkọ̀ wa rìn yẹn kì í hàn sójú, kì í rùn, pé bí ọkọ̀ bá dúró tí iná ṣì ń jó, á máa gba oríkèé páìpù jò sínú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní orí ló kọ́kọ́ máa ń fọ́ èèyàn, inú á máa rú u, oorun á wá gbé e lọ.

Ó wá bi ọkọ mi pé, "Ẹlòmíràn tó ń wọ ọkọ̀ náà ńkọ́? Ṣé orí kì í fọ́ ẹnikẹ́ni?"

Ọkọ mi ní, "Rárá. Kò sí ẹnì kankan."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Parasitámọ̀ tó kù wà nínú pọ́ọ̀sì tí mo fi há abíyá. Kò parọ́, mo mọ̀ bó bá ń parọ́. Ó kàn jẹ́ pé nínú ọkàn rẹ̀, orí mi kò fọ́ rí. Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyẹn yàtọ̀, Tíṣà, tìẹ..." Nọ́ọ̀sì wo èmi, ó wo òun, ó ní kí èmi náà wá jókòó kí wọ́n yẹ̀ mí wò.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá ìyàwó sílẹ̀, ọkọ mi mú òòlù, ó tú àgbá méjèèjì kúrò lára ọkọ̀, ó fọ́ páìpù, ó ní òun kò fẹ́ẹ́ rí gáàsì èédú mọ́ láyé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wò ó. Orí tèmi fọ́ títí, ó fi òwe dá mi lóhùn. Tìyàwó fọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó mú òòlù.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa. Wọ́n á kọjá níwájú mi lọ sí yàrá ìyàwó, wọ́n á ní ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Ọkọ mi á máa ròyìn fún wọn, "Díẹ̀ ló kù kí gáàsì yẹn pa ìyàwó mi." Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Mò ń bu omi fún àwọn àlejò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó rọra jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ewu. Ibi tí gáàsì ti gbé mi yẹn, ibẹ̀ lẹ ń jókòó sí látọjọ́ yìí."

Òun nìkan ló rántí kí mi. Mo ní kó dìde, mo ní o ṣeun, mo sì fà á mọ́ra, nítorí ohun tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dì í mú yẹn, mò ń jowú rẹ̀ pé òun ló rò ó, pé ọkọ mi kọ́.